Ó Ń Rẹ Oníṣẹ́ Abẹ Pẹ̀lú

Àkòrí tí ẹ fún mi ni àárẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ náà lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi ara wọn pé, kí ló kàn wá níbẹ̀? Owó dókítà ju tiwa lọ. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ọsibítù lóru, ta ló ń pe àpérò nítorí tirẹ̀? Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí, ó ṣòro kí ẹnì kan wà tí wọn ò tíì la ikùn ìbátan rẹ̀ rí, yálà láti gbé ọmọ jáde, tàbí nítorí fáíbírọ́ìdì, tàbí nítorí apẹ́ńdíìsì tó fẹ́ bẹ́. Ẹni tó mú abẹ dání lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ ká bèèrè ìgbà tó sùn kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ibí yìí ní Woolwich, ní Royal Arsenal. Lónìí, fúláàtì olówó gọbọi ló kún ibẹ̀, ọkọ̀ Elizabeth line sì ń já wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé iṣẹ́ ìbọn àti ọta ni. Nígbà tó gbóná jù, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó nǹkan bí 80,000, obìnrin tó wà láàárín wọn sì lé ní 20,000. Ìjọba ń fẹ́ ọta, wọ́n sì gbà pé bí òṣìṣẹ́ bá ṣe pẹ́ tó nídìí ẹ̀rọ ni ọta á ṣe pọ̀ tó. Káàkiri ilé iṣẹ́ ohun ìjà ní ilẹ̀ yìí, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 70 lọ lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Ní 1915, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Sir George Newman, Health of Munition Workers Committee, kí wọ́n wá wo ìlera àwọn òṣìṣẹ́ náà. H. M. Vernon, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn ṣèwádìí, ń ka iye iṣẹ́ tó ń jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ wákàtí tí wọ́n lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, John Pencavel, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé ní Stanford, gbọn eruku orí àkọsílẹ̀ yẹn nù, ó tún un ṣírò. Iṣẹ́ tí wákàtí 70 ń mú jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti wákàtí 56 lọ. Wákàtí mẹ́rìnlá tó lé yẹn, ara òṣìṣẹ́ ló jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọn ò bá sì sinmi lọ́jọ́ Àìkú, iṣẹ́ ń bàjẹ́ sí i.

Ìjọba tó ń jagun ló sanwó ìwádìí ti Vernon yẹn. Àánú kọ́ ló ṣe wọ́n. Ọta ni wọ́n fẹ́, ìṣirò sì sọ fún wọn pé ẹni tó rẹ̀ kò lè pèsè rẹ̀.

Ẹ gòkè díẹ̀ láti ibẹ̀. Lórí Shooters Hill Road, ilé ńlá tí wọ́n ti pín sí fúláàtì báyìí, Royal Herbert ni, ọsibítù àwọn sójà tí wọ́n ṣí ní 1865. Ní 1977, Queen Elizabeth Military Hospital rọ́pò rẹ̀ lẹ́bàá Woolwich Common. Wọ́n tì í ní 1995, nígbà tó sì di 2001, Queen Elizabeth Hospital tí bọ́ọ̀sì 244 ń gbé wa lọ yìí ṣílẹ̀kùn lórí ilẹ̀ kan náà. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ládùúgbò yìí, ó sì pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé sójà ló ń lani, sójà náà ni wọ́n ń là. Sójà kì í lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé ó rẹ òun. Mo rò pé nǹkan kan nínú ìwà yẹn ṣẹ́kù sára iṣẹ́ abẹ, kódà lára àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò wọ bàtà ológun rí.

Ibòmíràn tí ìwà náà ti wá ni Baltimore ní Amẹ́ríkà. Johns Hopkins Hospital ṣílẹ̀kùn ní 1889, William Halsted sì ni ọ̀gá iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Òun ló là á sílẹ̀ bí ọ̀dọ́ dókítà ṣe máa gbé inú ọsibítù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tọ̀sán tòru, tí wọ́n á máa gbé iṣẹ́ tó le sí i lé e lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dá dúró. Ọ̀pọ̀ ibi láyé ló gba ọ̀nà yẹn, Ìbàdàn gbà á, Lọ́ńdọ̀nù náà sì fara mọ́ ọn lọ́nà tirẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún ìtàn náà ni pé kokéènì ti mú Halsted fúnra rẹ̀ lẹ́rú. Ó ń dán an wò lára ara rẹ̀ láti fi pa ìrora, ní nǹkan bí 1885, kò sì lè jáwọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n wá ọ̀nà láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mọfíìnì ló bọ́ sí, ìyẹn sì bá a dé ojú ikú ní 1922. Ọgbọ́n pọ̀ lórí rẹ̀ o. Òun ló ní kí wọ́n ṣe ibọ̀wọ́ rọ́bà fún nọ́ọ̀sì tí omi apakòkòrò ń jẹ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ibọ̀wọ́ iṣẹ́ abẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àgbà oníṣẹ́ abẹ kan bá ń sọ fún àwọn ọmọdé pé ọ̀nà àtijọ́ ló dára jù, kó rántí ohun tó ń gbé ẹni tó la ọ̀nà náà dúró.

Àárẹ̀ tí mò ń sọ kì í lọ nítorí pé ènìyàn sùn dọ́sàn-án ní Sátidé. Herbert Freudenberger ló kọ́kọ́ kọ̀wé kíkún lé e lórí ní 1974. Ọmọ Júù tó sá fún Hitler ní Jámánì nígbà èwe ni, ó wá di onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní New York. Lójú rẹ̀ ni àwọn tó ń fi ọkàn kan ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní kílíníìkì àwọn tálákà ṣe ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di 1981, Christina Maslach àti Susan Jackson gbé ìwé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nǹkan mẹ́ta ló sì ń wá. Okun inú á gbẹ, dókítà á dé iwájú ọsibítù láàárọ̀, á jókòó sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ò ní fẹ́ gbé e wọlé. Aláìsàn á kúrò ní ènìyàn lójú rẹ̀, ìyá Ṣadé tí òkúta wà nínú àpò òróǹro rẹ̀ á di “òróǹro tó wà ní ibùsùn kẹfà”. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ á di yẹpẹrẹ lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ gba ẹni mẹ́ta là lọ́sẹ̀ kan. Èyí tó wà láàárín yẹn ló yẹ kó ba àwa aláìsàn lẹ́rù jù. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́, wọn ò kà á mọ́ àìsàn. Wọ́n ní láti inú wàhálà ibi iṣẹ́ tí wọn ò bójú tó ló ti ń wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé: ọ̀nà tí wọ́n gbà to iṣẹ́ náà ló ń bí àárẹ̀ yìí, àwa tó wà nílé sì wà lára àwọn tó ń tò ó.

Ní 2009, Tait Shanafelt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Oníṣẹ́ abẹ 7,905 ló dá wọn lóhùn, àárẹ̀ yìí sì ti mú ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Láàárín àwọn kan náà, ìdá 6.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní láàárín ọdún kan sẹ́yìn, èrò àtigba ẹ̀mí ara àwọn ti wá sọ́kàn àwọn. Nínú àwọn wọ̀nyí, ìdá 26 péré ló wá ìrànlọ́wọ́ nípa ìlera ọpọlọ lọ. Ìdá 60 sọ pé àwọn ń lọ́ra, torí ẹ̀rù ń ba àwọn pé ó lè kan ìwé àṣẹ iṣẹ́ àwọn. Ní 2014, wọ́n gbé ti ọsibítù ńlá kan ní Nàìjíríà jáde. Nínú rẹ́sídéǹtì 204, ìyẹn àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, láti ẹ̀ka gbogbo, okun inú ti gbẹ lára ìdá 45.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 57.8 ti jìnnà sí aláìsàn nínú ọkàn wọn, ìdá 61.8 ò sì rí iyì iṣẹ́ wọn mọ́. Níhìn-ín, General Medical Council, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, máa ń bi àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ léèrè lọ́dọọdún. Ní 2022 àti 2023, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló wà nínú ewu rẹ̀, díẹ̀ tàbí púpọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé wákàtí ló pọ̀ jù, kí wọ́n dín in kù. Wọ́n ti dín in kù. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù mú wákàtí àwọn dókítà kékeré wá sí 58 lọ́sẹ̀ ní 2004, ó sì di 48, tí a bá pín in dọ́gba, ní oṣù Kẹjọ 2009. Àdéhùn iṣẹ́ ti 2016 sọ pé ṣíífìtì kan kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 13 lọ, ó sì fi olùṣọ́ wákàtí kan sí ọsibítù kọ̀ọ̀kan. Ó ṣèrànwọ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní 1985 á sọ fún yín bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ní 2015, dókítà ọ̀dọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún aláìsàn lóògùn oorun ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ń wa ọkọ̀ lọ sílé láti ọsibítù kan ní Norfolk lẹ́yìn òru kẹta tó fi ṣiṣẹ́ léraléra. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ kọrin lórí fóònù kí oorun má bàa gbé e. Kò délé. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dìde, wọ́n ń bèèrè fún yàrá tí ènìyàn lè sùn sí kó tó wakọ̀. Ẹ gbọ́ o, ibùsùn lásán ni wọ́n ń bèèrè, nínú ilé tí ibùsùn kún.

Ẹ jẹ́ ká wo inú wákàtí 48 yẹn fúnra rẹ̀. Òun ni mo rò pé wọn kì í wò dáadáa. Dókítà mẹ́rin ló yẹ kó wà lórí rótà, méjì ló wà. Blíìpù tí wọ́n fi ń pe àwọn tí kò wá, àpò ẹni tó wá ló ti ń dún. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ tó tó iye kan kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, àmọ́ wọ́ọ̀dù àti ẹ̀ka pàjáwìrì ti gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló ń wá sí tíátà láti wá kọ́ ohun tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ ọ. Wákàtí yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ilé tuntun, ilé ìwé tuntun fún ọmọ. Láti ilé ìwé ìṣègùn jáde, ó tó ọdún mẹ́wàá kó tó lè di kọńsọ́tántì oníṣẹ́ abẹ bí kò bá kọsẹ̀ níbì kankan. Àwa òbí sì ń sọ fún un lọ́dọọdún pé, “Fara dà á, ọmọ mi, ó ti kù díẹ̀.”

Èyí tó ń dun àwọn oníṣẹ́ abẹ jù, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fagi lé. Ìyá arúgbó kan ti dúró ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó pè é fún ìbàdí tuntun. Kò jẹun láti àṣálẹ́, ọmọ rẹ̀ gba àyè níbi iṣẹ́, dókítà ti fi gègé sàmì sí i lára, gbogbo ẹni tó yẹ kó wà ní tíátà ti wọṣọ. Aago mẹ́wàá, tẹlifóònù dún: kò sí ibùsùn tí wọ́n máa gbé e sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí àwọn tó ti gbádùn kò rí ẹni tó máa tọ́jú wọn nílé, wọn ò sì lè kúrò ní wọ́ọ̀dù. Oníṣẹ́ abẹ náà ló máa lọ sọ fún ìyá. Òun ni ìyá máa wò lójú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, àyè wà fún un, aláìsàn wà níwájú rẹ̀, kò sì lè ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ìtọ́jú tí àwọn ènìyàn ń dúró dè ní England ti lé ní mílíọ̀nù 7.7. Orúkọ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí lórí ìwé, ṣùgbọ́n níwájú oníṣẹ́ abẹ, ojú ni wọ́n. Kò sí wákàtí tí òfin lè dín kù tó máa wo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sàn.

Lẹ́yìn èyí ni ìwà tí wọ́n ń hù sí ara wọn. Ní 2019, ìwádìí kan láàárín rẹ́sídéǹtì iṣẹ́ abẹ 7,409 ní Amẹ́ríkà rí i pé ìdá 38.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí àmì àárẹ̀ yìí lára wọn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ti àwọn obìnrin sì pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Àwọn kan á ti máa rò ó nínú ara wọn pé obìnrin ò lágbára iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ nígbà tí àwọn oníwádìí ṣírò èébú, ìyàsọ́tọ̀ àti ìfọwọ́kàn tí kò yẹ mọ́ ọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin pòórá. Níhìn-ín, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ìdá 63.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin oníṣẹ́ abẹ tó dáhùn ìwádìí kan ní ẹlẹgbẹ́ wọn ti fi ọ̀rọ̀ tàbí ìwà ìṣekúṣe yọ wọ́n lẹ́nu láàárín ọdún márùn-ún. Nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ní wọ́n ti fọwọ́ kan àwọn ní ọ̀nà tí òfin ń pè ní ìkọlù. Bàbá tó bá ń fi ọmọ rẹ̀ obìnrin yangàn pé oníṣẹ́ abẹ ni, kó jókòó tì í lọ́jọ́ kan, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀rù náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló rántí Hadiza Bawa-Garba. Ọmọ bíbí Nàìjíríà ni, dókítà ọmọdé ló ń kọ́ ní Leicester, kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Ní 2011, ọmọ ọdún mẹ́fà kan kú lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìsinmi ìbímọ ni, kọńsọ́tántì rẹ̀ kò sí ní ọsibítù, kọ̀ǹpútà ọsibítù náà sì dákú fún wákàtí púpọ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2015, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní oṣù Kìíní 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ìyọkúrò náà nù ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Ìbànújẹ́ àwọn òbí ọmọ náà ò ṣeé fẹnu sọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ gbogbo dókítà tó ń ṣiṣẹ́ lóru ka ìròyìn yẹn, wọ́n sì rí ara wọn nínú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Doyin Atewologun àti Roger Kline gbé ìwádìí tí General Medical Council fúnra rẹ̀ bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé nígbà náà, àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi ẹjọ́ dókítà aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kékeré yòókù sun àjọ náà ní ìlọ́po méjì ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Ti àwọn tó kàwé lókè òkun tilẹ̀ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí, tí ọkàn rẹ̀ sì ti ń ṣú, ta ló máa sọ fún?

Ẹ jẹ́ kí n kọjá sílé díẹ̀. Látúndé Ọdẹkù, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí wọ́n bí ní 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kọ́ṣẹ́ ní Michigan, ó padà sí ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ní 1962, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ gbá lórí ní títì, ọmọ tí omi kún orí rẹ̀, ẹni tí kókó hù sí ọpọlọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé wọn lọ, títí àwọn mìíràn fi dé. Ó ń kọ ewì pẹ̀lú, òru sì wà nínú àkọlé àwọn ìwé ewì rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló pa á, ní Hammersmith níbí, ní 1974. Ẹni ọdún 47 ni. Mi ò ní sọ pé iṣẹ́ ló pa á, nítorí mi ò lẹ́rìí. Mo ń sọ pé a fi orúkọ rẹ̀ sórí ilé, a kọ́ ọmọ wa láti bọlá fún un pé òun nìkan ló ń ṣe é, a ò sì bèèrè ìdí tó fi jẹ́ òun nìkan.

A ò tíì bèèrè dòní. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ọsibítù LUTH, Ìdí-Àràbà ní Èkó, kú. Ẹgbẹ́ àwọn rẹ́sídéǹtì ibẹ̀ ní wákàtí 72 ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, mínísítà ètò ìlera, sọ pé nǹkan bí dókítà 16,000 ló ti kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọdún márùn-ún sí méje, tó fi ku nǹkan bíi dókítà 3.9 fún ẹgbàárùn-ún ènìyàn. Ẹni tó bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Orí ẹni tó ṣẹ́kù ló sọ ọ́ sí.

Ẹni tó lọ náà ló dé Thamesmead lọ́dọ̀ wa níbí. Ó ti kọjá wákàtí 72, ó rò pé ó ti bọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni wọn ò gbà sínú ètò ìkọ́ṣẹ́ gan-an. Iṣẹ́ òru tí àwọn mìíràn ò fẹ́ ni wọ́n ń fún wọn, fún oṣù mẹ́fà, fún ọdún kan. Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fúnra rẹ̀ ní Ìléṣà ti di ẹni tó ń dúró kí ọmọ tó kéré sí i ní ọdún mẹ́wàá jẹ́ kó mú irinṣẹ́ dání. Kò lè sọ fún ará ilé, torí owó tó ń fi ránṣẹ́ ló ń san owó ilé ìwé àbúrò. Kò lè sọ fún ọ̀gá, torí ọ̀gá ló máa kọ ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìgbà tó bá wá délé, àwa la ń dúró dè é.

Àwa, bẹ́ẹ̀ ni. Aago méje àárọ̀, ó ti òru dé, fóònù ti kún. “Dókítà mi, jọ̀ọ́ bá mi wo àwòrán yìí.” “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ga, ṣé kí n lo oògùn náà?” Ó dáhùn gbogbo rẹ̀, torí ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àìdáhùn àgbà. Ní Sátidé, ayẹyẹ ìsọmọlórúkọ ní Plumstead. Bí kò bá wá, wọ́n á ní ìgbéraga ti dé. Bó bá wá, tó sì ń tòògbé lórí àga, wọ́n á ní kí ló dé tí kò jó. Ní ọjọ́ Àìkú, pásítọ̀ á pè é dìde kí ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un, á sì fi í sí ìgbìmọ̀ ìlera ìjọ lójú ẹsẹ̀. Mọ́sáláṣí náà ń ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ní ọkàn òun wúwo, a ní kó gbààwẹ̀. Àdúrà dára, mo ń gbà á. Àmọ́ mi ò tíì rí ìjọ kan tó gbàdúrà pé kí ẹrù tí a gbé lé e lórí kúrò, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ wa náà ló gbé e.

Ọsibítù náà ní irú tirẹ̀. Ẹni tí kò ráyè jẹun ni wọ́n ń fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí pé kó wá kọ́ bí a ṣe ń mí. Ohun tó ṣiṣẹ́ kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Rótà tó pé ènìyàn. Oúnjẹ gbígbóná ní aago méjì òru. Kọńsọ́tántì tó máa jókòó ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí aláìsàn bá kú sórí tábìlì, kó sì ní, “Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.” Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, tó bá ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀ fún olùṣọ́ wákàtí, kí wọ́n sanwó rẹ̀ tàbí kí wọ́n fún un nísinmi. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í kọ ọ́, ojú ń tì wọ́n. Bí wọn ò bá kọ ọ́, lójú ìwé, kò ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ ọta nígbà ogun ní Vernon tó ń kà á fún wọn.

Ibì kan wà tí wọ́n lè lọ láìjẹ́ pé ọ̀gá wọn mọ̀. Practitioner Health ni. Lọ́ńdọ̀nù ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2008, Clare Gerada ló darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ń pè wọ́n, kò nílò ìwé ẹnikẹ́ni. Ikú Daksha Emson wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó yẹ kí irú rẹ̀ wà. Oníṣègùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó ń fi àìsàn ọpọlọ tirẹ̀ pamọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí òun àti ọmọ jòjòló rẹ̀ fi kú ní ọdún 2000. Ní oṣù Kẹrin 2024, àwọn aláṣẹ ètò ìlera fẹ́ ti ilẹ̀kùn Practitioner Health mọ́ àwọn dókítà ọsibítù tuntun tó bá ń wá. Ariwo ta, wọ́n sì yí ohùn padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dókítà nílé, ẹ wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i, láìfi ìwàásù kankan tẹ̀ lé e.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ ni àwọn dókítà tuntun máa ń wọlé sí ọsibítù káàkiri ilẹ̀ yìí. Àwọn kan nínú wọn á wá sí Woolwich, wọ́n á gba yàrá lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà níbí. Kí onílé má bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa di kọńsọ́tántì. Kó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ nínú fíríìjì, kó má fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ jí wọn ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹgbẹ́ yín ní àkàǹtì ní báńkì, mo mọ̀, mo rí ìròyìn owó yín ti ọdún tó kọjá. Ẹ lè yọ nínú rẹ̀ láti gba táksí fún ẹni tí òru ti rẹ̀, kó má bàa wakọ̀. Kò wọ́n tó owó aṣọ ẹbí kan.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ojú yín ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo sọ, ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí èmi ń kà á nínú ìwé. Alága, mo bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ àwọn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà ìbéèrè, kí àwọn dókítà tó wà láàárín wa sì jókòó gbọ́ wọn.